Bí Láṣebìkan Ọmọ Agbẹ́kànga Ṣe Gba Pọ́ǹpù Ayùn Òkúta Lọ́wọ́ Ikú

Kí ni ń pa pọ́ǹpù ní àgbàlá òkúta Ìyá Àwẹ̀ró ní Ìgbẹ́tì? Ìbéèrè tí ìtàn yìí jókòó lé lórí nìyí, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má ṣe fi ojú kékeré wò ó. Bí a bá béèrè pé ta ló pa erin, gbogbo ọdẹ ìlú ni yóò na ọwọ́ sókè, títí kan èyí tí kò pa ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ láti ọjọ́ tó ti ń gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ta ló pa pọ́ǹpù, olúkúlùkù á wolẹ̀, á máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa iyanrìn. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń sá fún, òun gan-an ni ó yẹ kí a dì mú lọ́rùn.

Àmọ́ a kì í ròyìn ogun kí a má kọ́kọ́ ki ológun. Ẹ bá mi kí Láṣebìkan Àkàngbé, ọmọ Agbẹ́kànga, ọmọ a-wọlẹ̀-bí-òkété-jáde-bí-oòrùn, ọmọ a-gbọ́-ohùn-omi-lábẹ́-àpáta, ọmọ ẹni tí òùngbẹ ìlú ń bẹ̀rù bí adìyẹ ti ń bẹ̀rù àwòdì. Oyèkànmí tó bí baba ńlá rẹ̀ gbẹ́ kànga kan tó jìn dé ibi pé, bí ó bá sín nísàlẹ̀ ní kùtùkùtù, ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tó wà létí kànga ń dá a lóhùn pé pẹ̀lẹ́. Àjíbóyè tó bí baba rẹ̀ ni ó ṣẹ́ dígà méje sórí àpáta kan ṣoṣo, tó sì jókòó lé àpáta náà ní ọjọ́ kẹjọ, tó ní òun kò ní dìde àfi bí àpáta bá tọrọ àforíjì. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù rinrin, omi sì ti sun. Àwọn ọ̀tá ìdílé yìí ní omi tó rin ṣòkòtò náà kò ti inú àpáta wá. Ṣùgbọ́n kànga wà níbẹ̀ títí di òní, ìlú sì ń mu ún, nítorí náà ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ wa, àhesọ ló wà lọ́dọ̀ wọn. Ọládòkun, baba tó bí Láṣebìkan gan-an, a máa dọ̀bálẹ̀ fi etí lélẹ̀, a sì sọ iye ìgbọ̀nwọ́ tí omi fi jìn. Ohùn kan ṣoṣo tí etí náà kò gbọ́ rí ni ti ìyàwó rẹ̀ bó bá ń pè é wá la igi.

Láti inú àwọn òmìrán wọ̀nyí ni akọni wa ti jáde, ó sì jáde ní ṣókí. Kò ga, kò sanra, kò lariwo. Etí rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá bí pátákó tí wọ́n ń gé ẹran lé lórí, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò nígbà tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹfun òkúta ti bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn ajá àdúgbò sì ní láti gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé òun ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi dúró nídìí ayùn òkúta Ìyá Àwẹ̀ró. Ẹni tó bá mọ ohun tí ayùn náà jẹ́ ni yóò mọ ohun tí ọdún mọ́kànlá jẹ́.

Nítorí ayùn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹkùn ni. Ojú rẹ̀ rí roboto bí òṣùpá àárín oṣù. Òkúta mábù tí ogójì ọdún òjò kò rí nǹkan kan ṣe sí, tí màlúù dùbúlẹ̀ lé lórí, tí ọmọ aráyé fi abẹ gé tí abẹ ṣẹ́, bí wọ́n bá tì í sẹ́nu ayùn yìí, á pín sí méjì bí ẹ̀kọ tútù. Ṣùgbọ́n Elédùmarè tó dá ẹkùn kò ṣàìfi àléébù kan sí i lára. Ó ní láti máa mu omi bí ó ti ń jẹun. Bí omi bá dá lẹ́nu rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ka ení dé ogún, ojú rẹ̀ á pọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ara rẹ̀, ìyẹ̀fun òkúta á sì gbòde kan, á wọ imú, á wọ ọ̀fun, á lọ kọ́lé sínú ẹ̀dọ̀fóró gbogbo ẹni tó wà ní àgbàlá. Omi ni ń sọ eruku yẹn di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ni ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọpọ́n irin tó wà lábẹ́ ayùn, inú ọpọ́n yìí sì ni pọ́ǹpù ń gbé: ohun kékeré kan báyìí, dúdú, tí kò tóbi ju ìgbín àgbà lọ, tó ń fa omi láti inú ọpọ́n, tó ń tì í gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sí ojú ayùn, tí omi náà á sì tún padà wálé. Kí pọ́ǹpù tó dé àgbàlá náà, garawa tí wọ́n gbé kọ́ sókè ló ń kán omi sí ojú ayùn. Ẹkùn ni ayùn, ìgbín ni pọ́ǹpù, ìgbín ló sì ń bu omi fún ẹkùn. Ẹni tó bá mọ bí ayé ṣe rí kò ní rẹ́rìn-ín sí èyí.

Láàárín oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lò ó, ìgbín márùn-ún kú.

Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe kú. Àárọ̀ ni wọ́n ń kú, kò sí èyí tó kú lọ́sàn-án rí. A ó ti gbé e sínú ọpọ́n, a ó tan iná sí i, á kùn bí ẹni tí inú ń run, òórùn iná á jáde lára rẹ̀, á sì dákẹ́. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, àwọn baba wa ní òwe ló ń pa fún ni. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kò létí tí yóò fi gbọ́ òwe, nítorí náà ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò kọ́gbọ́n lára ti àkọ́kọ́, ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò kọ́gbọ́n lára ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ tí ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún kú ni Ìyá Àwẹ̀ró jáde sí gbangba, tó fi àṣẹ lélẹ̀. Opó Ògúndìran ni obìnrin yìí, alágbẹ̀dẹ tó fi ọkọ́ rírọ sílẹ̀ láti máa la òkúta. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ papò dà, àwọn èèyàn ní àgbàlá náà á wó, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e ró fún ọdún mẹ́sàn-án, débi pé awakọ̀ tó bá ń gbé òkúta wá fún un á ti pa rédíò kí ó tó yà wọ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni, ó gùn, ó gbọnrangandan, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Láṣebìkan," ó ní, "ọwọ́ rẹ ni gbogbo wọ́n kú sí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà tí mo ń gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí, bó bá kú, wàá sọ̀ kalẹ̀ nídìí ayùn. Múfútáù ni yóò dúró síbẹ̀. Ìwọ á lọ máa fi òòlù fọ́ òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́bàá títì."

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìjòyè tí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní gbangba lè fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lára ọmọ Agbẹ́kànga. Òkúta fífọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn, àwọn àgbà ń jẹun nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń sọ fún òkúta pé ibí ni kí o ti pín, tí òkúta sì ń gbọ́, kí ó wá padà di ẹni tó ń lu òkúta títí yóò fi fọ́ síbi tó wù ú, ìyẹn ju iṣẹ́ lọ. Múfútáù tí wọ́n dárúkọ wà nítòsí. Ọkùnrin gíga kan ni, aláwàdà, ọ̀lẹ nínú gbogbo iṣẹ́ àfi ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ti ń wo ayùn náà fún ọdún mẹ́ta bí ológbò ti ń wo ẹja lókè.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, "òòlù yẹn ò wúwo rárá. Ẹ̀yìn nìkan ló máa ń mú èèyàn."

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí kí a gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, nítorí ìdájọ́ tí a kò bá gbé yẹ̀ wò kò yàtọ̀ sí òkò tí a sọ sínú òkùnkùn. Ìyá Àwẹ̀ró ní ọwọ́ Láṣebìkan ni pọ́ǹpù ń kú sí. Kí ni ọwọ́ náà ń ṣe lójoojúmọ́? Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ti da ẹrẹ̀ àná nù kúrò nínú ọpọ́n, ó ti fọ ọpọ́n náà, ó ti pọn omi tuntun sí i, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ọ̀hún jìnnà. Ó to bíríkì méjì sísàlẹ̀ ọpọ́n kí pọ́ǹpù má bàa jókòó sínú ẹrẹ̀, kó lè máa fa omi tó mọ́ lókè. Fóòmù asẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fún un bí ẹni tó ń fọ ewúro, omi mẹ́ta, omi mẹ́rin, títí yóò fi mọ́. Ó ń yẹ okùn iná rẹ̀ wò, ó ń fẹnu fẹ́ inú rọ́bà rẹ̀. Bí aláìbìkítà bá ń ṣe báyìí, ẹ sọ fún mi, kí ló kù tí olùtọ́jú máa ṣe? Ìdí nìyí tí mo fi ní ìdájọ́ náà kò tọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ ta ni?

Nísinsìnyí mo ní láti sọ àṣà kan fún yín, àṣà tó ní ọlá, tí n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni pẹ̀gàn rẹ̀. Ní ilé àgbẹ̀dẹ tí Ìyá Àwẹ̀ró fẹ́ ọkọ sí, irinṣẹ́ kì í sùn síta, kì í sì í sùn ní tútù. Ọkọ́ tó bá ti oko dé, àdá tó bá ti igbó dé, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á wé e ní àkísà, wọ́n á gbé e lé orí àjà tó wà lókè ààrò, níbi tí èéfín kì í ti jẹ́ kí ìpẹtà rí i jẹ, tí àgbàdo irúgbìn wà, tí ẹja wà. Àdá tí baba ọkọ rẹ̀ rọ ṣì wà lórí àjà náà, ó sì ń mú bí ahọ́n orogún. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ayùn bá ti dákẹ́, Ìyá Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ á wá, á na ọwọ́ sínú ọpọ́n, á yọ pọ́ǹpù jáde, á fi ìlàjì agbádá ọkọ rẹ̀ tó ti gbó nù ún gbẹ, á wé e bí ọmọ tuntun, á gbé e lọ sí ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn àgbàlá, á sì tẹ́ ẹ sórí àjà, láàárín àgbàdo àti ẹja àrọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, á gbé e wá bí ẹni ń mú ìyàwó wá. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń yìn ín, wọ́n ní ìyá yìí mọ nǹkan tọ́jú.

Òfin kejì ilé àgbẹ̀dẹ ni pé irin tó kú kì í bá irin tó wà láàyè sùn. Ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá kú, ọwọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ń bá lọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Báyìí ni òkú márùn-ún ṣe jáde ní àgbàlá náà, tí kò sí èyí tí wọ́n tú inú rẹ̀ wò, tí kò sì sí èyí tó jẹ́rìí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ní sùúrù. Ọ̀tọ̀ ni kí a mọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a sọ, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbà á láti sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ogun náà dé. Pọ́ǹpù ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òkúta àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé fún ilé ẹ̀kọ́ kan, gbogbo òṣìṣẹ́ ti dé. Láṣebìkan gba pọ́ǹpù lọ́wọ́ Ìyá Àwẹ̀ró, ó kúnlẹ̀ gbé e sórí bíríkì méjèèjì, ó tan iná sí i. Kò sí omi. Ohùn kan ni ó jáde láti ìsàlẹ̀ ọpọ́n: hùn-ùn-ùn.

Ní ìṣẹ́jú akàn yẹn, ẹ̀jẹ̀ Agbẹ́kànga sọ nínú akọni. Etí tó jogún Ọládòkun, tó jogún Àjíbóyè, tó jogún Oyèkànmí, gbọ́ ohùn náà, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ohùn ẹni tó ń kú lọ ni, ohùn ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́ dè lẹ́sẹ̀ tó ń tiraka láti dìde ni. Bí iná bá wà lára ẹni tí wọ́n dè, iná náà ni yóò jó o pa. Láṣebìkan fò. Bí mànàmáná ṣe ń fò láti Òkè Ìyámọ̀pó dé òdìkejì ìlú, bí ẹṣin ọ̀gágun ṣe ń fo yàrà tí ọ̀tá gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Oyèkànmí fò láti ìdí ọpọ́n dé ìdí iná, ọ̀nà tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gbáko, ó sì fa okùn iná yọ lára ògiri kí òórùn jíjó kankan tó jáde.

Àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ yí ọpọ́n ká.

"Ó ti tán nìyẹn," Múfútáù ní. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá yín gbé òòlù ọ̀hún wá ni, àbí ẹ̀yin náà á lọ mú un?"

Ìyá Àwẹ̀ró yọ pákò lẹ́nu. "Ó tún kú?"

"Màmá, kò tíì kú. Wọ́n dè é ni."

"Ta ló dè é?"

"Ẹ jẹ́ kí n tú inú rẹ̀ wò. Bí oòrùn bá kan àtàrí tí kò dìde, mo gba òòlù láìjanpata."

"Ilé àgbẹ̀dẹ kì í tú òkú irin, o mọ̀."

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ṣùgbọ́n mo ní kò tíì kú. Bó bá wà láàyè, òfin òkú kò bá a wí. Bó bá sì ti kú, kí ló kù tí mo lè bàjẹ́?"

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, tí kò sí ibi tí èèyàn lè ti tì í ṣubú. Ìyá Àwẹ̀ró wá ibi tí yóò ti tì í, kò rí i. Ó dá pákò padà sẹ́nu.

"Ẹnu rẹ ti ń gùn ju ọwọ́ rẹ lọ," ó ní. "Tú u."

Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló de ara pọ́ǹpù náà pọ̀, bí ẹnubodè mẹ́rin ìlú olódi. Ti àkọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀ ní wéré. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì bá a jà díẹ̀ nítorí ọlá rẹ̀, ó sì tẹríba. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta fi orí kunkun ju ti akọ màlúù lọ. Láṣebìkan rọ epo sí i, ó pè é ní orúkọ tí n kò lè kọ síhìn-ín, òógùn bọ́ lójú rẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀, títí tí nọ́ọ̀tì náà fi ké tí ó sì yí. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, nígbà tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló jáde. Àyà pọ́ǹpù là sílẹ̀. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń ti omi wà, èyí tó yẹ kó máa yí bí òkòtó tí ọmọdé ń ta. Kò yí. Òkúta funfun ti yí i ká, ó le bí eyín, ó há mọ́ ọn láàárín bí ẹkuru tó há sí ọ̀fun.

"Ó ti lóyún òkúta," Múfútáù ní, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Láṣebìkan kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ọpọ́n, sí igun tí fífọ̀ kì í dé, níbi tí díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àná ṣẹ́ kù sí, ó sì rí i pé ẹrẹ̀ náà rọ̀ bí ògì. Ó tún fi èékánná kan èyí tó wà nínú pọ́ǹpù: òkúta. Ẹrẹ̀ kan náà ni méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n ti wá, èé ṣe tí ọ̀kan fi rọ̀ tí èkejì fi le? Ẹrẹ̀ tó bá wà nínú omi kì í le, bí ó ti wù kó pẹ́ tó. Gbígbẹ ló ń sọ ẹrẹ̀ di òkúta. A jẹ́ pé pọ́ǹpù yìí gbẹ níbì kan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo wákàtí tó fi wà lọ́wọ́ Láṣebìkan, inú omi ló wà. Ó fi ọ̀bẹ ha ègé òkúta kan jáde, ó gbé e sún mọ́ imú. Òórùn èéfín. Ó tún un gbọ́. Lábẹ́ òórùn èéfín náà, tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ṣeé sẹ́, òórùn ẹja àrọ̀.

Bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Akọni wa gbé ojú sókè, ó sì yára gbé e sílẹ̀, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ fẹ́ wò kò ṣeé wò ní gbangba. Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni ogun gidi wà; ti nọ́ọ̀tì mẹ́rin nì, eré ọmọdé ni. Bí ó bá sọ ohun tó mọ̀, á di ẹni tó fi ìka síwájú ojú àgbà lójú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, nípa ìtọ́jú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú aṣọ ọkọ rẹ̀ tó ti lọ. Bí ó bá dákẹ́, òòlù ń dúró dè é lẹ́bàá títì, pọ́ǹpù ẹlẹ́ẹ̀keje á sì kú bí ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Ọ̀pọ̀ jagunjagun tó gba ìlú mẹ́wàá kò rí ẹnu ara wọn gbà. Láṣebìkan di ègé òkúta náà sínú ewé, ó fi sápò, ó sì ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni òun fẹ́ lọ wá.

Gbogbo ẹni tó ń gé mábù ló ń bẹ̀rù ọsàn wẹ́wẹ́. Bí omi rẹ̀ bá kán lé mábù dídán lórí, ibẹ̀ á ṣú, kò sì ní dán mọ́; ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ èèwọ̀ láti gbé e wọ ibi tí wọ́n ti ń dán òkúta. Ọ̀tá tí gbogbo ọmọ ogun ń sá fún, òun ni Láṣebìkan lọ bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ó já mẹ́sàn-án lára igi tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó fún wọn sínú abọ́, ó gbé abẹ̀bẹ̀ náà àti ibùjókòó rẹ̀ sí i. Omi ọsàn hó. Ó hó ṣìṣì bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí, ìfófòó funfun dìde, odi ọ̀tá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láìlo ìbọn. Ìgbà méjì ló da èyí tó ti kú agbára nù, ìgbà méjì ló tún fún òmíràn. Ó fi ẹ̀là ìgbálẹ̀ tọ inú ihò, ó fi omi ṣàn án, ó tún tọ ọ́. Múfútáù jókòó tì í lórí garawa tó dojú dé, ó ń ka ibi tí òjìji dé fún un bí ẹni tó ń ka ọjọ́ ìsìnkú.

"Ẹ̀gbọ́n, òjìji yín ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ yín tán."

Láṣebìkan fi ìka kan ṣoṣo ta abẹ̀bẹ̀ náà. Ó yí. Ó yí, ó tún yí, bí ọmọge tó gbọ́ pé àfẹ́sọ́nà òun ti dé. Ó tò ó padà, ó di nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé e sínú garawa omi tó mọ́, ó ki okùn iná bọ ògiri.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà lóko. Omi jáde. Ó jáde láti ẹnu rọ́bà bí ọ̀rọ̀ láti ẹnu akéwì, ó ga, ó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè, ó sì lọ bà sí àárín ojú Múfútáù níbi tó jókòó sí. Òdò Ògùn ń ṣàn, kò ṣàn jù báyìí lọ; òjò ọjọ́ kìíní ọdún ń rọ̀, inú àgbẹ̀ kì í dùn jù báyìí lọ. Láṣebìkan Àkàngbé, a-jí-òkú-tí-kò-tíì-kú-dìde, a-fi-ohun-kíkan-ṣẹ́gun-ohun-líle, a-tú-mẹ́rin-kó-mẹ́rin-dè, gbé pọ́ǹpù rẹ̀ padà sínú ọpọ́n, ó tan ayùn, omi bo ojú ayùn, ẹkùn náà bú, òkúta àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ sì pín sí méjì tónítóní. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Àní Múfútáù nu ojú, ó sì pàtẹ́wọ́, nítorí ọkùnrin tó ń ṣàwàdà kì í ṣe ọkùnrin burúkú.

Òun náà ló sì béèrè. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n kí ló wá ń pa wọ́n?"

Gbogbo ojú yí sí Láṣebìkan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí.

"Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Ibi tí agbára tèmi mọ nìyẹn." Ó mú ègé òkúta inú ewé jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá Àwẹ̀ró. "Màmá, ohun tó dè é nìyí. Ẹ bá wa wò ó. Ojú yín ti rí irin ju tiwa lọ."

Ìyá Àwẹ̀ró gba ewé náà. Ó yí òkúta náà padà, ó fi eyín gé e díẹ̀, ó ní ó le. Ó gbé e sí imú. Ó dúró. Ó tún gbé e sí imú, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ní ìgbà kejì yìí. Lẹ́yìn náà ni ó yí ọrùn, díẹ̀díẹ̀, sí ọ̀nà ilé ìdáná tí èéfín oúnjẹ ọ̀sán ti ń jáde lókè òrùlé rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ pọ̀ fún un lákòókò yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa: ó lè ní ẹni tó ta pọ́ǹpù ló ta ayédèrú, ó lè ní omi Ìgbẹ́tì ló ní iyọ̀, ó lè ní kí olúkúlùkù padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ó tú gèlè, ó tún un wé.

"Ẹ pa ayùn yẹn ná," ó ní.

Wọ́n pa á.

"Múfútáù, pe àwọn tó ń dán òkúta lẹ́yìn kí wọ́n wá. Gbogbo wọn. Lójú gbogbo yín ni mo ti dárúkọ Láṣebìkan, lójú gbogbo yín náà ni n ó ti sọ èyí."

Wọ́n pé. Ó dúró láàárín àgbàlá bí ọba tó fẹ́ pín ilẹ̀.

"Láṣebìkan ọmọ Agbẹ́kànga kò ní kúrò nídìí ayùn yìí níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lókè eèpẹ̀. Ẹni tó bá ní òòlù lọ́kàn fún un, kí ó fi fọ́ èkùrọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ òní, bí ayùn bá ti dákẹ́, inú garawa omi tó mọ́ ni pọ́ǹpù á ti ṣiṣẹ́ títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ á fi mọ́ gaara, inú omi náà ni yóò sì sùn mọ́jú. Àdá ni baba yín Ògúndìran ní kí n máa gbé sórí àjà, kò rí pọ́ǹpù rí kó tó lọ." Ó nawọ́ ewé náà sí wọn kí wọ́n lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. "Ẹ sì ti ń bi ara yín ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti oṣù mẹ́rin pé kí ló ń pa wọ́n. Kì í ṣe Láṣebìkan, kì í ṣe omi, kì í ṣe ẹni tó tà á. Èmi Àwẹ̀ró ni mo ń yan wọ́n pa lórí àjà."